Ṣé ìbẹ̀rù nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò fẹ́ kí a dojú ìjọba dé?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ibí yìí, ìbéèrè kan wà tó ń bí mi nínú. Nígbàkigbà tí a bá ti sọ pé ìjọba yìí ti jẹrà débi pé kí a fà á tu tegbòtegbò ló kù, àwọn kan á dìde, wọ́n á ní kí a ṣe sùúrù, kí a máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Láti ọdún 1999 ni a ti ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Àwọn baba wa ló sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Rawlings pa àwọn olórí ní Ghana, Ghana sì gún régé. Ẹ fún mi ní ìdí kan ṣoṣo tí a kò fi gbọdọ̀ dojú ìjọba dé pátápátá. Kí ìdí náà má jẹ́ ìbẹ̀rù, kó má sì jẹ́ pé ẹ ń jẹ nínú rẹ̀.

* * *

Mo wà lára àwọn tí ẹ ń bá wí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. N kò ní sọ pé ìjọba wa dára, n kò sì ní sọ pé ìyà tó ń jẹ ará ìlú kò tó ohun tí ènìyàn ń bínú sí. Ìdí kan ṣoṣo tí ẹ béèrè nìyí: nígbà tí a bá fa ìjọba tu tegbòtegbò, kì í ṣe òbàyéjẹ́ tó wà lórí àlééfà nìkan ló ń bá a lọ. Ilé ẹjọ́ á bá a lọ, ìwé ìròyìn á bá a lọ, ìgbìmọ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, àti gbogbo ohun tó lè wo ojú ẹni tó bá gbàjọba lọ́la kí ó sì wí fún un pé, “Rárá, èyí kò ṣeé ṣe.” Ẹni tuntun náà á dé, gbogbo agbára á wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwa á sì kúnlẹ̀ máa gbàdúrà pé kí ó jẹ́ ọmọlúàbí. Àdúrà yẹn ni mo kọ̀ láti gbé orílẹ̀-èdè lé.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò ó. Edmund Burke, ọmọ ìlú Dublin tó di aṣòfin ní Ìlú Ọba, ló kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1790, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń yọ̀ nítorí ìyípadà tegbòtegbò tó bẹ̀rẹ̀ ní Faransé ní ọdún tó ṣáájú. Ọba Faransé ṣì wà láàyè nígbà náà, wọn kò sì tíì máa bẹ́ orí ènìyàn ní gbàgede lójoojúmọ́. Burke wò ó pé wọ́n ti wó gbogbo ohun tó lè dá alágbára dúró, ó sì ní ọ̀gágun kan tí àwọn ọmọ ogun fẹ́ràn ni yóò di ọ̀gá lórí ilé ìgbìmọ̀ wọn nígbẹ̀yìn. Wọ́n bẹ́ orí ọba ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1793. Ní oṣù kẹfà ọdún 1794, wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí wọ́n bá gbé wá sí ilé ẹjọ́ wọn ní Paris kò gbọdọ̀ ní agbẹjọ́rò. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Robespierre, tí òfin yẹn ti ọwọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ wá, fi kú lábẹ́ ẹ̀rọ ìbẹ́rí kan náà, láìsí ẹni tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ní 1799, ọ̀gágun tí Burke wí dé, Napoleon ni orúkọ rẹ̀. Burke ti kú ní ọdún méjì ṣáájú, kò rí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rẹ́ àwọn aninilára ni ọkùnrin náà. Ó gbèjà àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà tí ìjọba rẹ̀ ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn láìgba ìmọ̀ràn wọn. Òun náà ló ṣáájú àwọn tó fẹ̀sùn kan Warren Hastings, gómìnà àgbà ní Íńdíà, nínú ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1788 tí kò parí títí di 1795. Wọ́n dá Hastings sílẹ̀, ó dùn mí, ṣùgbọ́n Burke kò tìtorí ìyẹn ní kí wọ́n wó ilé ìgbìmọ̀.

* * *

Mo ti mọ̀ pé Rawlings ni ẹ óò fi lù mí, ó sì ti dé: ìdajì àwọn tó fèsì ló dárúkọ rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ kò ju ọ̀kan lọ, pé àwa náà nílò ẹni tí yóò to àwọn olè jọ sí etí òkun kí ó sì yìnbọn pa wọ́n, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Accra, nǹkan á sì yanjú.

Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn náà tán, kí a má dúró síbi tó dùn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1979 ni àwọn sójà kéékèèké gbàjọba, wọ́n sì fi Rawlings ṣe olórí. Láàárín oṣù yẹn, wọ́n yìnbọn pa ọ̀gágun mẹ́jọ. Mẹ́ta nínú wọn ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè rí: Acheampong, Afrifa àti Akuffo. Àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ní oṣù kẹjọ, àwọn sójà lọ wó ọjà Makola tó tóbi jù ní Accra, nítorí wọ́n ní àwọn ìyálọ́jà ló ń kó ọjà pamọ́ tí owó ọjà fi gbówó lórí. Wọ́n na àwọn obìnrin ní pàṣán ní gbangba. Ẹ rò ó wò ná: ìyá tó ń ta aṣọ ni ẹ̀bi ìjọba wá sí orí rẹ̀. Wọ́n fi ìbọn mú kí owó ọjà wálẹ̀, ó sì wálẹ̀ lóòótọ́, títí tí ọjà tó wà nílẹ̀ fi tán. Kò sí ẹni tí yóò lọ ra òmíràn wá kí ó tà á sí àdánù.

Rawlings gbé ìjọba fún Limann tí wọ́n dìbò yàn ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọlé lẹ́ẹ̀kan ti mọ ọ̀nà náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1981, ó padà wá. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa rèé. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1982, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé wà níta, àwọn kan lọ gbé adájọ́ mẹ́ta àti ọ̀gágun kan tó ti fẹ̀yìntì nínú ilé wọn. Obìnrin ni ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, ó sì ń tọ́mọ lọ́wọ́. Wọ́n yìnbọn pa wọ́n ní pápá tí àwọn sójà ti ń kọ́ṣẹ́ ìbọn, wọ́n sì dáná sun òkú wọn. Àwọn adájọ́ wọ̀nyí ti dá ẹjọ́ tó tú àwọn kan sílẹ̀ lára àwọn tí ìjọba 1979 sọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé wọ́n sọ pé “Rárá” lọ.

Ní 1983, ebi pa Ghana débi pé àwọn ènìyàn ń pe egungun ọrùn tó yọ síta ní ẹ̀gbà ọrùn Rawlings. Mo gbà pé ọ̀dá àti iná inú igbó wà nínú rẹ̀, àwa náà sì dá kún un, nítorí ọdún yẹn ni ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Ghana tó tó mílíọ̀nù kan padà sílé, tí báàgì alárànbarà wọn fi di ohun tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Ní oṣù kẹrin, ìjọba oníyìípadà náà ti lọ sọ́dọ̀ IMF, ilé owó àgbáyé tó ti ń bú tẹ́lẹ̀. Ohun tó wá tún Ghana ṣe díẹ̀ kì í ṣe ìbọn. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1992 ni, àti ìdìbò, àti pé ní oṣù kìíní ọdún 2001 Rawlings gbé ìjọba fún Kufuor tó jẹ́ alátakò. Ohun tó dára jù nínú ayé Rawlings ni pé ó kúrò nígbà tí òfin ní kó kúrò. Àwọn tó ń fi í yangàn fún wa kì í dárúkọ ibẹ̀. Bí a bá sì ní kí a sọ òótọ́ nípa pé Ghana gún régé, ní oṣù kejìlá ọdún 2022 wọ́n ní àwọn kò lè san ọ̀pọ̀ jù nínú gbèsè tí wọ́n jẹ ní òkè òkun mọ́.

* * *

Ẹnìkan ní mo ń jẹ nínú rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, èmi kọ́ ni ǹ bá máa tẹ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù tí iná rẹ̀ ti ń kú lọ, tí jẹnẹrétọ̀ mi wà nílẹ̀ láìsí epo.

Ní ti ilé ọba tó jó, ọba ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó jó, ará ìlú ṣì ń sìn ín, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọ ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan dúró sí ṣì wà láàyè. Ìdí tí ẹwà fi bù sí i nìyẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn jàǹdùkú já wọ Ìgà Ìdúngànràn ní Èkó, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ ọba jáde, wọ́n sì sun àwọn bọ́ọ̀sì BRT ní Oyíngbò. Mekúnnù ló ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ EndSARS tó dúró ní Lẹ́kkí láti ṣe ìwọ́de lòdì sí ìwà ọlọ́pàá kọ́ ló ṣe é o. Àwọn yẹn ti to ohun márùn-ún tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀, wọ́n mú àsíá lọ́wọ́, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Ohun tó yẹ kí ẹni tó kórìíra ìdàrúdàpọ̀ fẹ́ràn jù lọ ni wọ́n ṣe. Ìjọba tó rán sójà lọ yìnbọn níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 20 ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú, n kò sì rí olùdìtẹ̀ kan tó tíì ba orúkọ sùúrù jẹ́ tó ìjọba yẹn.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé lánàá, tó ní olùkọ́ ìtàn ni òun, ló mú ọ̀rọ̀ tó le jù wá títí di ìsinsìnyí. Ó ní Burke ní ohun tó fẹ́ pa mọ́: ilé ìgbìmọ̀ tó ti pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ilé ẹjọ́, àṣà. Kí ni àwa ní? Lugard ló so wá pọ̀ ní 1914 fún ànfààní ara rẹ̀, àwọn ológun ló sì kọ òfin 1999 fún wa. Kí ni ènìyàn fẹ́ tọ́jú nínú ohun tí alejò fi tipá gbé ka ẹni lórí?

Mo gbà pé òfin 1999 kò wá láti ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Lugard ló kọ́ wa pé agbára gbọ́dọ̀ ní ìjánu. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin tó bá ti ṣi agbára lò, Ọ̀yọ́ Mèsì á gbé igbá òfìfo síwájú rẹ̀, ó sì mọ ohun tí yóò ṣe. Ẹ kíyè sí i pé ọba lọ, ṣùgbọ́n àga kò lọ, ìlú kò sì tú. Ètò náà ní àbùkù tirẹ̀: Baṣọ̀run Gáà lò ó bí ẹni ń lo kùmọ̀, ó rán ọba kan tẹ̀lé òmíràn sọ́run, kí Aláàfin Abíọ́dún tó fòpin sí i ní 1774. Síbẹ̀, ohun tó fọ́ Ọ̀yọ́ kì í ṣe Gáà. Ní nǹkan bí ọdún 1817 ni Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, ní òun kò sin Aláàfin mọ́. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ kì í ṣe kékeré; Aláàfin kan ti fẹ́ kí ó kú rí. Ó pe Àlímì, àlùfáà Fúlàní, ó gba àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn àti ẹnikẹ́ni tó bá lè gbé ohun ìjà. Láàárín ọdún mélòó kan, ọmọ ogun tó kó jọ náà ló pa á, ìjọba Ìlọrin sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Àlímì. Ọ̀yọ́ Ilé tú. Ogun tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ má tán ní gbogbo sẹ́ńtúrì yẹn, àwọn tí wọ́n sì kó lẹ́rú nínú rẹ̀ ni ìran wọn wà ní Bahia àti Cuba lónìí.

Ti 1966 kò nílò àlàyé púpọ̀ fún ará ibí. Àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gágun tó jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní sọ lórí rédíò pé àwọn tó ń gba rìbá ìdá mẹ́wàá ni ọ̀tá àwọn. Ta ni kò kórìíra wọn? Ìwọ̀-Oòrùn ti ń jóná pẹ̀lú wẹ́tìẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ṣùgbọ́n òfin 1963, tó fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ìjọba tirẹ̀, kú ní ọjọ́ yẹn. Kí oṣù karùn-ún tó parí, òfin ológun kẹrìnlélọ́gbọ̀n ti pa ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́; ní oṣù keje wọ́n pa olórí tó ṣe òfin náà; ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ogun. Rìbá ìdá mẹ́wàá wá di ohun tí àwọn àgbà ń fi rẹ́rìn-ín báyìí, nítorí ta ló tún ń gba ìdá mẹ́wàá péré?

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń pè fún ìyípadà tegbòtegbò, tí a bá bi yín léèrè ohun tí ẹ óò fi rọ́pò rẹ̀, ẹ óò ní àtúntò, kí a padà sí 1963. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ olùdìtẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù tó sì ń wá a ni.

* * *

Àwọn kan ní mo ń mú ìtàjẹ̀sílẹ̀ nìkan wá, pé ìyípadà tí ẹ̀jẹ̀ kò ti ṣàn wà. Ó wà. Àwọn tó bá wá láti Kétu, Pòbẹ́, Sakété àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ló mọ ọ̀kan dunjú.

Kí n kọ́kọ́ fún Kérékou, sójà tó gbàjọba níbẹ̀, ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Dahomey, bí Benin ti ń jẹ́ nígbà náà, tó bá nílẹ̀ kò ṣeé fi yangàn: àwọn ológun ti gbàjọba ní 1963, ní 1965, ní 1967, ní 1969, nígbà tó sì di 1970, àwọn olóṣèlú mẹ́ta pín ipò ààrẹ láàárín ara wọn kí wọ́n máa jẹ ẹ́ ní ọdún méjì-méjì, bí ẹní ń pín ìdí ẹran. Nígbà tí Kérékou dé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, ìdìtẹ̀ ọdọọdún dáwọ́ dúró. Ìyẹn ni ohun tó lágbára jù tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún un, n kò sì fojú kéré rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1974, ó dúró ní Àbọ̀mẹ̀ ó sì kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè náà yóò máa tọ̀. Ọdún kan gééré lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ìlú di Benin, àsíá yí padà, ẹgbẹ́ òṣèlú di ẹyọ kan. Ìjọba gba àwọn báńkì, ó gba ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ. Ìwé ìròyìn ìjọba ń jẹ́ Ehuzu, èyí tó túmọ̀ sí pé nǹkan ti yí padà, ní èdè Fọ̀n. Àwọn baálẹ̀ àti olórí ìsìn di ọ̀tá ìlọsíwájú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ tíṣà ní agbègbè Sakété nígbà náà ní ohun tí òun kò lè gbàgbé ni rédíò: wọ́n á mú àwọn ìyá arúgbó wá síbẹ̀ kí wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ni àjẹ́ tó ń pa ọmọdé. Ó ní tí ohùn ìyá kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìyá tirẹ̀ á dìde láìsọ nǹkan kan, á lọ pa rédíò. Ìjọba tó ní òun fẹ́ fòpin sí ìgbàgbọ́ àtijọ́ ló ń ṣe èyí o.

Ní ìparí ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, àwọn báńkì ìjọba dojú dé, ìjọba kò lè san owó oṣù. Tíṣà yanṣẹ́ lódì, akẹ́kọ̀ọ́ yanṣẹ́ lódì. Ní oṣù kejìlá ọdún 1989, Kérékou fúnra rẹ̀ kéde pé àwọn kò bá ti Marx lọ mọ́. Àpérò gbogbogbòò wá wáyé ní Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 1990, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Isidore de Souza ló darí rẹ̀. Àwọn ààrẹ àtijọ́ tí ọmọ ìyípadà ti pè ní ẹlẹ́gbin jókòó níbẹ̀. Wọ́n gba agbára lọ́wọ́ Kérékou, ṣùgbọ́n wọn kò pa á, wọn kò lé e, wọ́n fi í sílẹ̀ lórí àga títí ìdìbò fi dé, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn kò ní gbé e lọ sílé ẹjọ́. Soglo, olórí ìjọba tí àpérò yàn, borí rẹ̀ nínú ìdìbò ní 1991. Kérékou lọ sílé. Ní 1996 ó padà wá, ìbò ló gbé e wọlé.

Ọ̀rẹ́ wa tó béèrè ìbéèrè fèsì kíákíá pé ìyípadà gan-an ni àpérò yẹn, pé mo ti fi ẹnu ara mi dá ara mi lẹ́bi. Ẹ fi í wé Togo. Ní 1991 àwọn náà ṣe àpérò ní Lomé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ bọ́ gbogbo agbára lára Eyadéma, ààrẹ wọn, lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fi gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ hàn án ní gbangba, wọn kò sì fi ibi kankan sílẹ̀ fún un láti gbà jáde. Ní oṣù kejìlá, àwọn sójà rẹ̀ fi ọkọ̀ ogun ja ọ́fíìsì olórí ìjọba tuntun tí àpérò yàn, wọ́n sì mú un. Eyadéma jọba títí ó fi kú ní 2005, ọmọ rẹ̀ sì gbà á. Mo mọ̀ pé ọmọ ogun Eyadéma kò rí bíi ti Kérékou, àwọn ènìyàn rẹ̀ ló kún inú rẹ̀, nítorí náà n kò sọ pé ìwà àpérò nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n yan ọgbọ́n tí n ó kọ́, ti Kútọnu ni.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà síbi kékeré kan, nítorí ẹnìkan ní gbogbo ọ̀rọ̀ mi jẹ́ ti àwọn ààrẹ.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan rí. Inú ń bí wa sí àwọn olóyè, nítorí akọ̀wé máa ń fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ síwájú tí a bá ń yá owó. Òótọ́ ni, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ní ìpàdé ọdún, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ dìde, wọ́n yọ gbogbo olóyè lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì yọ akápò mọ́ wọn, bàbá àgbàlagbà kan tí kò jalè rí. Ìwé owó ńlá wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni ta ló ṣe onídùúró fún ta; ìyẹn wà nínú ìwé kékeré aláwọ̀ búlúù tí bàbá yẹn máa ń tì bọ àpò agbádá rẹ̀, ó sì bínú lọ sílé pẹ̀lú rẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn tó jẹ gbèsè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé onídùúró wo. Òfin kan tún wà pé ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí sọ̀wédowó kí owó tó jáde ní báńkì. Alága tuntun ní ohun àtijọ́ ni, pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, a sì pàtẹ́wọ́ fún un pé ọkùnrin iṣẹ́ ni. Bí owó ṣe ń jáde lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó lè sọ fún wa mọ́. Akọ̀wé àtijọ́, pẹ̀lú gbogbo ojúsàájú rẹ̀, kò lè kó owó jáde láìjẹ́ pé bàbá yẹn bá a fọwọ́ sí i.

* * *

Haiti, tó ń jẹ́ Saint-Domingue nígbà oko ẹrú, wá dé. Mo ti ń retí ẹni tí yóò mú un wá, obìnrin kan láti Salvador ní Brazil ló sì mú un wá, ó ní ìran Ànàgó ni òun. Ó kọ ọ́ pé: “Ẹ lọ sọ fún ẹrú tó wà ní oko ìrèké ní Saint-Domingue pé kó ṣe sùúrù, kó máa tún ètò náà ṣe díẹ̀díẹ̀.”

N kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹrú kò ní ìgbìmọ̀ tó lè rán ẹ̀bẹ̀ lọ sí, kò ní ilé ẹjọ́, kò ní ìbò, ara rẹ̀ gan-an kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí mò ń sọ nípa ilẹ̀kùn tí a kò gbọdọ̀ wó kò kan ẹni tí wọn kò fi ilẹ̀kùn kankan sílẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n dìde ní oṣù kẹjọ ọdún 1791, ohun tó kù fún wọn ni wọ́n ṣe, àwọn ènìyàn wa sì wà láàárín wọn. Ìtàn Brazil náà ń gbè é lẹ́yìn: àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tó dìde ní Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835 kò borí, wọ́n nà wọ́n, wọ́n lé àwọn mìíràn padà sí Áfíríkà, oko ẹrú kò sì tán ní ilẹ̀ náà títí di 1888. Ní Cuba, 1886 ni. Díẹ̀díẹ̀ yẹn gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá ń gbèjà sùúrù gbọ́dọ̀ lè wo ìyẹn lójú.

Ohun kan ni n ó fi kún un. Ìyà tó jẹ Haiti lẹ́yìn òmìnira, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Faransé, tó fi ọkọ̀ ogun gba àdéhùn lọ́wọ́ wọn ní 1825 pé kí wọ́n san 150 mílíọ̀nù owó fráǹkì fún àwọn tó ti ń ni wọ́n lára. Ṣùgbọ́n apá kan tún wá láti inú ilé. Ní 1826, òfin oko tí ìjọba Boyer ṣe tún de àgbẹ̀ mọ́ oko olóko, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda. Ọ̀gágun ló borí ogun, ọ̀gágun ló ń ṣèjọba, àgbẹ̀ kò sì ní ibi tí yóò fẹjọ́ sùn sí. Obìnrin náà kò gbà fún mi. Ó ní òfin oko kì í ṣe oko ẹrú. Òótọ́ ló sọ, a sì fi í síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará ilé rí ni pé bí ìṣòro wa ti pọ̀ tó, àwa kì í ṣe ẹrú Saint-Domingue. A ní ìbò tí a kì í lọ dì. Ní 2023, àwọn tó dìbò ààrẹ kò tó ìdá mẹ́ta àwọn tó forúkọ sílẹ̀.

* * *

Ẹ ní kí n fi ìtàn sílẹ̀, kí n sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe. Ọ̀kan ni pé òfin 1999 gba ará ìlú láyè láti pe aṣòfin rẹ̀ padà sílé. Ẹni tó béèrè ìbéèrè ti dáhùn kí n tó gbé ẹsẹ̀: “Ta ni wọ́n tíì pè padà rí?”

Kò sí aṣòfin àpapọ̀ kankan. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí sẹ́nétọ̀ kan láti Kogí ní 2018, ó fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ wà nínú òfin fúnra rẹ̀: ó ní kí iye tó ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní agbègbè náà fọwọ́ sí ìwé, lẹ́yìn náà kí iye tó ju ìdajì náà tún dìbò pé kó máa bọ̀. Aṣòfin tí ìbò díẹ̀ gbé wọlé, ìbò tó pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì ni yóò yọ ọ́. Ẹni tó ti kú, ẹni tó ti kó lọ sí Kánádà, orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé, a sì ń kà wọ́n mọ́ àwọn tí kò fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, tí ẹ bá ní kí a rìn, n ó rìn. Kí a rìn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, nítorí òfin orílẹ̀-èdè kò ṣeé yí padà láìjẹ́ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i, kí a ní kí wọ́n sọ iye náà di ìdajì àwọn tó dìbò ní ọjọ́ tí wọ́n yan aṣòfin náà. Ọ̀rẹ́ wa ní ohun kékeré ni. Mo ní kó sọ fún mi aṣòfin kan ní Àbújá tí inú rẹ̀ yóò dùn sí i.